Kí Mọ́tò Fọ́, Kí Èèyàn Yè: Àríyànjiyàn Ṣáásì Ní Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ́yìn àtẹ, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ máa ń kà á nígbà tí iná bá lọ tí iṣẹ́ dúró, mo kí yín. Olóòtú wa ní kí n sinmi díẹ̀ nídìí ìjà onílé àti ayálégbé tí mo ti ń kọ láti oṣù tó kọjá, kí n wá nǹkan mìíràn. Ohun tí mo rí nìyí: ọ̀rọ̀ ṣáásì mọ́tò tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Èmi náà ti kọ́kọ́ wò ó pé kí ló kàn wá níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé wá bá wa nínú ẹbí.

Àbúrò ìyá mi kan wà tó jẹ́ wẹ́dà. Bọ̀dá ni mò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Gàrééjì Ọ̀fà nílùú Ìlọrin wa níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń bá wọn di irin mú fún ọdún kan gbáko nígbà tí mo jáde girama tí kò sí owó láti tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo yà síbẹ̀ láti kí wọn. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ sì ti kọṣẹ́, gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ni ọmọ iṣẹ́ kan bá yọ fóònù jáde, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wá wo mọ́tò tó já sí méjì bí iṣu.”

Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Àwọn mọ́tò ìje yẹn, ẹ ti lè rí wọn nínú tẹlifísàn: wọ́n gùn, wọ́n sì balẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta gbangba láìní ìbòrí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ inú rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan lẹ ó sì máa rí. Èyí tí ọmọ náà fi hàn wá, Romain Grosjean ọmọ ilẹ̀ Faransé ló wà nínú rẹ̀, ní ìlú Bahrain, ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2020. Mọ́tò náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó fi orí sọ irin tí wọ́n fi ṣe odi ẹ̀bá títì, ó já sí méjì, iná sì sọ bùlà. Ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yìn mọ́tò dúró sápá kan, àpótí tí awakọ̀ jókòó sí la irin odi já, ó há sáàárín rẹ̀.

“Mọ́tò kọ́ nìyẹn!” Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ti wa Bẹ́dífọ́ọ̀dù rí láyé bọ́lẹ̀kájà, ó tún wá wa Píjò 504 lẹ́yìn náà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá. “Páálí ni! Ní ayé tiwa, bí Bẹ́dífọ́ọ̀dù bá gbá igi, igi ni yóò wó. Àwọn mọ́tò ìsinsìnyí, ẹ fi ìka kàn wọ́n báyìí, wọ́n ti wọnú.”

Ìyá olóúnjẹ tó ń kó àwo kiri dá a lóhùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, igi wó. Bẹ́dífọ́ọ̀dù ò ṣe nǹkan kan. Awakọ̀ inú ẹ̀ ńkọ́?”

Bàbá bọ́ fìlà, ó tún un dé. Kò fèsì.

Ọmọ iṣẹ́ náà wá fi ìka kan fóònù, ó ní, “Ẹ ẹ̀ jẹ́ kó parí ni. Ẹ wò ó.” Lóòótọ́, láti inú iná yẹn, tó ti lo ìṣẹ́jú àáyá 28 nínú rẹ̀, ni ọkùnrin náà ti gun irin odi jáde fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jóná, bàtà kan sì bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sí egungun kan tó fọ́. Ìyá olóúnjẹ gbé àwo kalẹ̀, ó ní, “Àlíhámúdúlíláì.” Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní orí ọkùnrin náà ló bá a ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ ní mọ́tò ni. Bọ̀dá, tó jẹ́ ẹni tí ń ta ko gbogbo èèyàn, ní òun ò rí ohun tí wẹ́dà lè jó nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí irin níbẹ̀.

Kò sí irin níbẹ̀ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe sì ti sọ mí di ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wádìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ṣáásì jẹ́ fún ẹ̀yin ìyá wa. Egungun ẹ̀yìn mọ́tò ni. Òun ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, òun ni táyà rọ̀ mọ́, gbogbo yòókù, aṣọ ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Láyé bọ́lẹ̀kájà, ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì ló ń ti Ìlú Ọba wá nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn káfíńtà wa níbí ló ń kan ilé onígi lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí ilé onígi fi lè jẹrà kí wọ́n kan òmíràn, ṣùgbọ́n tí ṣáásì bá ti ṣẹ́, ọkọ̀ ti kú nìyẹn. Tàbí kó lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Ti mọ́tò ìje náà, páìpù irin ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n á gé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á jó wọn pọ̀ bí àgò adìyẹ, awakọ̀ á sì jókòó sáàárín. Iṣẹ́ wẹ́dà gan-an ni. Nígbà tó di ọdún 1962, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Colin Chapman, tó dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé mọ́tò kan jáde tí wọ́n ń pè ní Lotus 25. Kò sí àgò páìpù nínú rẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n kàn pọ̀, tó wá dà bí agolo gígùn tí awakọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju ti páìpù lọ, bẹ́ẹ̀ agbára tó fi kọ̀ láti lọ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú agolo mílíìkì tí ẹ kò tíì ṣí lórí àtẹ yín, ẹ gbìyànjú láti lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Kò ní gbà fún yín. Ẹ gé orí àti ìdí agolo kan náà kúrò, ọmọ ọdún márùn-ún á rún un mọ́ ọwọ́. Páànù kan náà ni o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Chapman ti pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ìyálọ́jà nìkan lẹ ó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún kan náà tó ń ṣe agolo yìí, ó ń ta mọ́tò fún àwọn ẹgbẹ́ ìje mìíràn. Lotus 24 ló tà fún wọn, onípáìpù. Wọ́n sanwó, inú wọn dùn. Nígbà tí wọ́n dé pápá ìje ní ilẹ̀ Netherlands loṣù karùn-ún ọdún 1962, wọ́n rí i tí awakọ̀ tirẹ̀, Jim Clark, jókòó sínú mọ́tò tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ó dà bí oníṣòwò aṣọ tó ta ànkárá ọdún tó kọjá fún gbogbo ẹgbẹ́, tí òun nìkan wá wọ tuntun wá sóde ìnáwó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú oníbàárà tí yóò dákẹ́! Wọ́n fa ìbínú yọ. Ṣùgbọ́n ọjà ti tà. Nígbà tó di 1963, nínú ìje 10 tó wà fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, Clark gba méje nínú mọ́tò agolo yẹn.

Síbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àríyànjiyàn gbogbo ìgbà náà, lórí eré ni. Mélòó ló fúyẹ́ sí? Báwo ló ṣe ń yà ní kọ́nà? Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Nínú Lotus 25, apá ọ̀tún àti apá òsì awakọ̀ ni táńkì bẹntiróò wà. Ọkùnrin kan jókòó sáàárín epo, ó ń sáré. Clark fúnra rẹ̀ kú sínú mọ́tò ìje Lotus mìíràn ní Hockenheim, ilẹ̀ Jámánì, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1968. Àwọn tó kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn pọ̀ débi pé tí mo bá ní kí n ka orúkọ wọn, ojú ewé yìí kò ní gbà á.

Wàyí o, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ó kan Ìlọrin. Lọ́dún 1981, ẹgbẹ́ McLaren gbé mọ́tò kan jáde, John Barnard ló yà á. Kì í ṣe páìpù, kì í ṣe páànù. Aṣọ ni! Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é: òwú dúdú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Wọ́n ń hun ún, wọ́n ń fi irú àtè kan rin ín, wọ́n á gé e bí télọ̀ ṣe ń gé búbá, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù ní ìpele-ìpele, wọ́n á wá sun ún nínú ààrò ńlá tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gan. Tó bá jáde, ó fúyẹ́ ju irin lọ, ó sì le bí nǹkan míì. Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e lọ ṣe, ní ilé iṣẹ́ Hercules nílùú Salt Lake City.

Mo gbé ìròyìn yìí lọ sí Pákátà, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ fi dá a lára yá ni. Mo ní, “Bàbá, aṣọ ni òyìnbó fi ń ṣe ṣáásì mọ́tò.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ọmọ ìwé yìí, mo ti kàwé kọjá ibi tó yẹ. Mo wá ṣàlàyé fún un. Ó dá ọwọ́ dúró lórí òfì, ó ronú díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ibo ni wọ́n kọjú òwú sí?”

Mo ní kí ló dé. Ó fa aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ ní gígùn, kò fà. Ó fà á ní ìbú, kò fà. Ó wá di igun mú sí igun, ó fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ náà sì ń na. Ó ní, “Aṣọ ò lágbára níbi tí òwú kò bá kọjú sí. Bí wọ́n bá tẹ́ gbogbo ẹ̀ sí ojú kan, yóò ṣe wọ́n.”

Ẹnu yà mí. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń fi ọjọ́ orí wọn kọ́ nìyẹn! Òótọ́ ni, bí wọ́n bá ti tẹ́ ìpele kan tí òwú rẹ̀ lọ síwájú, wọ́n á tẹ́ èyí tó tẹ̀lé e ní ẹ̀gbẹ́, òmíràn á dábùú, kí agbára lè wà níbi gbogbo. Bàbá yìí kò wọ ilé ìwé òyìnbó rí. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ra aṣọ ìborùn kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò ní lọ́kàn láti rà.

Nígbà tí aṣọ Barnard jáde, àwọn kan ní Ìlú Òyìnbó náà ṣe bíi bàbá awakọ̀ wa. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá gbá nǹkan, lẹ́búlẹ́bú ni yóò dà. Oṣù keje ọdún 1981, John Watson fi gba ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Silverstone. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Oṣù kẹsàn-án, ní Monza nílẹ̀ Ítálì, Watson kan náà pàdánù ọwọ́ mọ́tò, ẹ̀yìn rẹ̀ gbá irin odi, ẹ́ńjìnnì já kúrò lára mọ́tò pátápátá. Àwọn tó ń wòran rò pé ó ti tán. Watson bọ́ọ́lẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ lẹ́búlẹ́bú ti parí, àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun tiwọn. Nígbà tó di 1985, àjọ tó ń ṣàkóso ìje náà là á kalẹ̀ pé imú mọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá ògiri níṣojú wọn kó tó jáde sórí pápá, kí wọ́n mọ̀ bóyá yóò rún bó ṣe yẹ kó rún. Ẹ kà á dáadáa o: bóyá yóò rún. Wọ́n fẹ́ kó rún. Imú ni yóò rún, kí àpótí awakọ̀ má rún.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ìje tiwọn, IndyCar, táyà ibẹ̀ náà wà níta. Lọ́dún 2010, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ṣáásì tó ti pẹ́, ilé iṣẹ́ márùn-ún sì gbé àwòrán wá: Dallara ti Ítálì, Lola, Swift, BAT, àti ọ̀kan tí wọ́n pè ní DeltaWing. DeltaWing yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ọfà, táyà iwájú méjèèjì fara mọ́ra tímọ́tímọ́ bí ìbejì nínú ọ̀já, ẹ̀yìn nìkan ló fẹ̀. Nígbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ han ọmọ iṣẹ́ Bọ̀dá, ó pariwo pé, “Kẹ̀kẹ́ Màrúwà rèé!” Ẹni tó yà á, Ben Bowlby, ní bí mọ́tò bá fúyẹ́ dé ìdajì, ẹ́ńjìnnì ìdajì àti epo ìdajì yóò tó o. Àwọn mìíràn ní kò jọ mọ́tò, yóò dojú dé ní kọ́nà. Dallara ni wọ́n mú níkẹyìn, loṣù keje 2010.

DeltaWing kò kú síbẹ̀ o. Wọ́n gbé e lọ sí ìje oníwákàtí 24 ní Le Mans, ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2012. Kò dojú dé ní kọ́nà. Mọ́tò mìíràn ló tì í lu ògiri. Òfin ìje náà ni pé tí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà, awakọ̀ nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Satoshi Motoyama, ará Japan, bọ́ọ́lẹ̀, ó mú sípánà. Àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ dúró lẹ́yìn wáyà, wọ́n ń sọ fún un: tú èyí, yọ tọ̀hún. Nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ló fi ṣe é. Kò ṣiṣẹ́. Bọ̀dá, tí ọ̀rọ̀ ìje kò kàn rárá, ìyẹn nìkan ló dùn ún. Ó ní, “Kí iṣẹ́ rẹ wà níwájú rẹ, kí ọwọ́ rẹ má lè dé ibẹ̀! Ìyà wo ló tún ju ìyẹn lọ?”

Ti Dallara ló wá ń ká mi lára. Nígbà tí wọ́n ń dán ṣáásì tuntun náà wò lọ́dún 2011, Dan Wheldon ni wọ́n ní kó bá wọn wà á, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba ìje ńlá Indianapolis lẹ́ẹ̀mejì, 2005 àti 2011. Ó ń wà á, ó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2011, wọ́n sá ìje ìparí ọdún ní Las Vegas, ìje tó kẹ́yìn fún ṣáásì àtijọ́. Mọ́tò 15 kọlura wọn. Ti Wheldon fò sókè, ó gbá wáyà odi. Ọmọ ọdún 33 ni. Nínú èyí tí wọ́n fẹ́ sọ nù lọ́jọ́ kejì ló kú sí. Wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sọ ṣáásì tuntun, DW12, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2012.

Ohun tó pa Wheldon, orí tó wà níta gbangba ni. Ìyẹn ló mú kí wọ́n máa jiyàn lórí ohun tí wọ́n lè fi bo orí awakọ̀. Formula One mú irin títáníọ̀mù kan tó tẹ̀ yí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ orí ká, wọ́n pè é ní halo, ó di dandan lọ́dún 2018. Kò wúwo tó kílò 10, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀nù 12 lé e, kò gbọ́dọ̀ wó. Háà, wọ́n bú irin yìí! Wọ́n ní ó ba ẹwà mọ́tò jẹ́, wọ́n ní ó jọ okùn sálúbàtà. Lára àwọn awakọ̀ tí kò fẹ́ ẹ rárá ni Romain Grosjean. Bẹ́ẹ̀ ni, Grosjean tí ọmọ iṣẹ́ fi hàn wá. Lọ́jọ́ Bahrain, ó ń sá 192 kìlómítà láàárín wákàtí kan nígbà tó gbá irin odi, agbára tó gbá a sì tó ìlọ́po 67 ìwọ̀n ara rẹ̀. Irin tó bú yẹn ló ya irin odi sọ́tọ̀ níwájú orí rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò fẹ́ ẹ nígbà kan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i ni, òun kò bá tí wà láti bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá lọ ro gbogbo rẹ̀. Bàbá awakọ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé mọ́tò ń fọ́ kí èèyàn má baà fọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Lẹ́yìn tó ti dákẹ́ títí, ó ní, “Àwọn èèyàn ń kú nínú Bẹ́dífọ́ọ̀dù lóòótọ́. Mọ́tò la máa ń wò, tí a ó ní kò ṣe nǹkan kan.”

Bọ̀dá kò dá sí i. Ó ń fi ìka họ ìpẹ́pẹ́ irin kan. Ó wá bi mí pé tí àwọn òyìnbó yẹn bá gbá ṣáásì kan, ṣé wọ́n ń tún un ṣe kí wọ́n tún gbé e jáde? Mo ní nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ṣáásì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tó gbá nǹkan, ibi tó ti là, ẹni tó tún un ṣe. Ó ní, “Wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó tún un ṣe?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó yẹ kí n sọ èyí. Lọ́dún 2019, ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì kan láti ọjà Bódè Sáàdù, ó lọ ra èlùbọ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, awakọ̀ já sínú kòtò kan, ṣáásì ọkọ̀ náà ṣẹ́ lábẹ́ wọn. Àárín ọkọ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá mi kán níbi méjì. Èlùbọ́ dà sígbó. Àwọn tó rí ọkọ̀ náà ní wọ́n ti jó ṣáásì rẹ̀ rí, àpá iná ṣì wà níbẹ̀ kedere. Láti ìgbà yẹn ni ìyá mi ti ń fi ọ̀pá rìn, iwájú ilé ló ń tajà sí báyìí, kò lè lọ oko ọjà mọ́. Ta ló jó o? A kò mọ̀. Onímọ́tò kò sọ, a kò sì wádìí. A ní àmúwá Ọlọ́hun ni.

Nígbà tí Bọ̀dá jáde, ó jókòó tì mí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé ojú ibi tí a jó kọ́ ló máa ń ṣẹ́? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Iná ti gba agbára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí èèyàn bá fẹ́ ṣe é dáadáa, á ge pátákó irin, á fi di ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gé e gbọọrọ lójú kan. Ọjọ́ méjì ni. Onímọ́tò kì í fẹ́ gbọ́ ọjọ́ méjì. Á ní òun fẹ́ gbé èrò lọ́la. A máa jó o fún un.” Ó dákẹ́. Ó wá ní, “Bọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn, mo lọ wò ó níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí. Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi. Ó lè máà jẹ́ ọwọ́ mi. Irú ẹ̀ tí mo ti jó pọ̀, n kò lè dá wọn mọ̀ mọ́.”

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Láti 2019 ni ọkùnrin yìí ti ń gbé ẹran wá fún ìyá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ gbogbo, tí a ń ní ó mà fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o.

Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí n kọ ọ́ síwèé ìròyìn. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, òun fúnra òun ni yóò lọ sọ ọ́ létí ìyá mi kí ìwé tó jáde. Ó lọ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n sọ, wọn kò sọ fún mi. Mo rí i pé ẹran ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kò dáwọ́ dúró, ìyá mi sì ń gbà á.

Lọ́jọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀ náà ni Bọ̀dá ní kí n bá òun ra ìwé ìkọ̀wé kan bọ̀ láti Ọjà Ọba, èyí tó nípọn. Ó fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásì, ohun tí ó jó, orúkọ òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí onímọ́tò kan wọ́ bọ́ọ̀sì dé, ṣáásì ti là lẹ́yìn táyà. Bọ̀dá wò ó lábẹ́, ó ní ọjọ́ méjì, ó sì ní kí wọ́n lọ ra irin tí yóò fi dì í. Onímọ́tò ní ṣé ó ń ṣeré ni, ṣebí àná ni wọ́n jó ti ọ̀rẹ́ òun láàárín wákàtí méjì. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, bàbá awakọ̀ pàápàá dá sí i, ó ní onímọ́tò kò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà bínú, ó wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. A rí i níbi tó dúró sí. A rí iná tó ń tàn.

Bọ̀dá ṣí ìwé náà. Ó kọ ọjọ́, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀, ó kọ “N kò jó o” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá na ìwé náà sí mi pé kí n bá òun wò ó, bóyá òun kọ ọ́ dáadáa.